Antẹ́nà tó dáa jù fún wọkí-tọkí: àwọn ìbéèrè tí wọ́n ń bi mí ṣáá

Èmi ni mo máa ń bá àwọn ẹ̀ṣọ́ ẹ́sítéètì, àwọn tó ń ṣètò ayẹyẹ àti àwọn ọ́ṣà ṣọ́ọ̀ṣì to wọkí-tọkí wọn n'Íbàdàn, ìbéèrè kan náà ló sì ń padà wá. Baofeng UV-5R àti BF-888S ni mo fi ṣàpẹẹrẹ jù torí àwọn ló wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn.

Ṣé antẹ́nà tó bá rédíò wá nínú páálí ò tó ni?

Ó tó fún ọ̀pọ̀ èèyàn, ẹ jẹ́ n sòótọ́. Tó bá jẹ́ láti géètì dé ẹ̀yìn gbọ̀ngàn lẹ ti ń bára yín sọ̀rọ̀, ẹ fi owó yín sápò.

Wáyà tí wọ́n ká bíi sípíríǹgì ló wà nínú rọ́bà yẹn. Wọ́n ká a kó lè kúrú, kó má máa gún èèyàn lẹ́gbẹ̀ẹ́, kó sì lè já bọ́ láì kán. Àmọ́ antẹ́nà tó bá ti kúrú jù máa ń fi agbára ṣòfò, etí ẹ̀ náà kì í fi bẹ́ẹ̀ mú. Orí VHF ni ìyà yẹn ti pọ̀ jù (oríṣi ìgbì rédíò ni VHF àti UHF, ẹ máa rí àlàyé wọn nísàlẹ̀), tẹ́ ẹ bá wà lórí UHF kò fi bẹ́ẹ̀ le.

VHF àti UHF, èwo ni tèmi?

Ẹ wo nọ́ńbà tó wà lójú rédíò. Tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 1, bíi 155, VHF ni, tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 4, bíi 462, UHF ni. UV-5R ní méjèèjì, VHF tiẹ̀ jẹ́ 136 sí 174 MHz, UHF tiẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti 400. BF-888S ò lójú tó ń fi nọ́ńbà hàn, àmọ́ UHF nìkan ni, 400 sí 470 MHz.

Ẹ mọ èyí kẹ́ ẹ tó jáde lọ ra nǹkan kan. Mo ti rí ẹni tó ra antẹ́nà VHF gbọọrọ fún BF-888S mẹ́fà, owó gidi ló ná, kò sì sí ohun tó yí padà.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé antẹ́nà ni ìṣòro mi?

Tẹ́ ẹ bá ń gbọ́ wọn ketekete ṣùgbọ́n tí wọn ò gbọ́ yín rárá, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ bátìrì ló ti rẹ̀, tàbí kí ohùn àdììtú tí wọ́n ń pè ní CTCSS (tí rédíò ò bá gbọ́ ọ, kò ní la ẹnu) má bára mu láàárín rédíò méjèèjì, kò sí antẹ́nà tó máa tún ìyẹn ṣe. Tó bá jẹ́ pé ohùn ń gé, ó ń ṣe ṣììì, tẹ́ ẹ bá wá sún ìṣísẹ̀ méjì tàbí tẹ́ ẹ gun àtẹ̀gùn kan tó wá mọ́ gaara, ọ̀rọ̀ antẹ́nà àti ibi tẹ́ ẹ dúró sí nìyẹn.

Ọ̀nà tó rọrùn jù ni kẹ́ ẹ yá antẹ́nà ẹlòmíì wò kẹ́ ẹ tó ra tiyín.

Kí ni mo lè ṣe láì náwó rárá?

Ó pọ̀, ibí yìí gan-an ló sì yẹ kí gbogbo èèyàn ti bẹ̀rẹ̀. Àkọ́kọ́, ẹ gbé rédíò dúró ṣánṣán, kí antẹ́nà kọjú sókè. Mo máa ń rí àwọn ọmọ síkíọ́ríìtì tó ń fi antẹ́nà nàka sí ẹni tí wọ́n ń bá sọ̀rọ̀ bí ìgbà téèyàn ń fi ọ̀pá nàka sí ewúrẹ́, orí ṣónṣó antẹ́nà yẹn gan-an ni sígínà ti kéré jù, ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ ló ń gbà jáde. Tí tiyín bá dúró tí ti ẹnì kejì sì sùn, ẹ máa pàdánù púpọ̀ síbẹ̀ náà.

Èkejì, ẹ yọ ọ́ kúrò ní bẹ́líìtì tẹ́ ẹ bá fẹ́ sọ̀rọ̀. Omi ló pọ̀ jù nínú ara èèyàn, ó máa ń gbé sígínà mì. Ẹ gbé e sókè níwájú ojú, kí ó jìnnà sí ẹnu yín díẹ̀.

Ẹ̀kẹta ló ṣe pàtàkì jù, ẹ gòkè. Ìṣirò kan wà tí kì í tanni: ẹ mú gíga antẹ́nà ní mítà, ẹ wá gbòǹgbò ẹ̀ onílọ́po méjì (square root), ẹ fi 4.12 sọ ọ́ di púpọ̀, kìlómítà tẹ́ ẹ bá rí ni ibi tí ojú rédíò yẹn lè ríran dé lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú. Ẹni tó gbé e sókè mítà kan àtààbọ̀ máa rí nǹkan bíi kìlómítà 5. Ẹni tó dúró sórí ilé àjà kẹta, ká ní mítà 9, máa ríran ju 12 lọ. Ilẹ̀ tó tẹ́jú láìsí ilé láìsí igi la fi ṣírò o, ti ìgboro ò ní tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ ẹ rí bí gíga ṣe ń ṣe é. Torí ẹ̀ ni ẹni tó wà ní Òkè Ààrẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bower's Tower ṣe máa ń bá gbogbo ìsàlẹ̀ sọ̀rọ̀ pẹ̀lú rọ́bà kékeré, tí ẹni tó wà ní àfonífojì lẹ́yìn òkè sì lè fi antẹ́nà tó ga bí èèyàn pè títí kẹ́nikẹ́ni má dá a lóhùn. Òkè ò ṣeé gba inú ẹ̀ kọjá.

Báwo ló ṣe yẹ kí antẹ́nà gùn tó?

Ẹ fi fíríkúẹ́ńsì yín, ìyẹn nọ́ńbà MHz yẹn, pín 300, ohun tẹ́ ẹ bá rí ni gígùn ìgbì kan ní mítà. Ìdá mẹ́rin ẹ̀ ni gígùn antẹ́nà tó rọrùn jù tó sì ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Ní 150 MHz, ìgbì kan jẹ́ mítà 2, ìdá mẹ́rin ẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 50. Ní 450 MHz, ìgbì kan jẹ́ nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 67, ìdá mẹ́rin ẹ̀ ò ju 17 lọ. Wáyà gidi máa ń kúrú sí i díẹ̀, bíi ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún.

Ẹ wá rí ìdí tí mo fi sọ pé orí VHF ni antẹ́nà kékeré ti ń jìyà jù. Rọ́bà UV-5R tó wà nínú páálí gùn tó sẹ̀ǹtímítà 15, ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó fún UHF, àmọ́ ṣe ló ń forí tì í lórí VHF.

Wọ́n ní Nagoya NA-771 ni ọba gbogbo wọn, ṣé lóòótọ́?

Antẹ́nà tó dáa ni, kò kàn ṣiṣẹ́ ìyanu. Ó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 39, ó máa ń tẹ̀ bíi pàṣán, 144 àti 430 MHz ni wọ́n ṣe é fún, ìyẹn ibi táwọn tó ń fi rédíò ṣeré ìdárayá (amateur radio) ti ń sọ̀rọ̀. Lórí VHF ẹ máa rí ìyàtọ̀ lójú ẹsẹ̀. Lórí UHF ẹ lè rí díẹ̀, ẹ sì lè má rí nǹkan kan.

Èyí táwọn èèyàn kì í fẹ́ gbọ́ ni pé bí fíríkúẹ́ńsì yín bá jìnnà sí ibi tí wọ́n ṣe antẹ́nà fún, rọ́bà kékeré tó bá ibẹ̀ mu lè lù ú. BF-888S tí ẹnikẹ́ni ò ì tíì fọwọ́ kàn láti ilé iṣẹ́, orí 462.125 MHz ni ṣánẹ́ẹ̀lì kìíní ẹ̀ wà. (Ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń gbọ́ ohùn àwọn tó ń ṣe ìyàwó ní gbọ̀ngàn kejì o, tiyín àti tiwọn ò tíì kúrò níbi tí wọ́n bá a.) Ẹ béèrè antẹ́nà tó bo 400 sí 470 fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Arákùnrin ẹ̀, NA-701, gùn tó ogún sẹ̀ǹtímítà, ó sì rọrùn gbé kiri ju 771 lọ. Diamond ti àwọn ará Japan náà dáa, ó kàn wọ́n.

Ẹnu antẹ́nà ò wọ ara rédíò mi. Kí ló dé?

SMA ni wọ́n ń pe ẹnu kékeré aláwọ̀ wúrà yẹn, akọ àti abo ló ní. Ẹ yọ antẹ́nà yín kẹ́ ẹ wo àárín gbùngbùn. Lára Baofeng, píìnì ló yọ jáde lára rédíò, ihò ló wà lára antẹ́nà, torí náà abo lẹ máa rà. Lára Yaesu bíi FT-60 òdìkejì ni, ihò wà lára rédíò, antẹ́nà ló ní píìnì, akọ ni yẹn. Icom IC-V80 ń lo BNC, èyí tí wọ́n máa ń tì wọlé tí wọ́n á yí díẹ̀. Motorola GP340 ní ẹnu tiẹ̀ lọ́tọ̀.

Ẹ ṣáà mú rédíò yín dání lọ sí Alaba tàbí Computer Village, ẹ má fi ẹnu ṣàpèjúwe ẹ̀. Tí wọ́n bá sì fẹ́ ta antẹ́nà Wi-Fi fún yín torí pé ó ń wọlé, ẹ sá, 2,400 MHz ni wọ́n ṣe ìyẹn fún.

Ṣé mo lè tẹ bọ́tìnì sọ̀rọ̀ nígbà tí antẹ́nà ò sí lórí ẹ̀?

Rárá o. Agbára tí kò ríbi gbà jáde máa padà sínú, ó lè sun ẹ̀yà tó ń tú sígínà jáde. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ pààrọ̀ antẹ́nà, ẹ pa rédíò ná.

Lára páálí wọ́n kọ 7 dBi (ìwọ̀n bí antẹ́nà ṣe ń kó agbára jọ sí apá kan) síbẹ̀, ti ẹgbẹ́ ẹ̀ jẹ́ 2.15, ṣé 7 ló lágbára jù?

Tó bá gùn tó apá, ẹ jẹ́ ká jọ gbé e yẹ̀ wò. Tó bá jẹ́ nǹkan tó wọ àpò ṣòkòtò, irọ́ ni. Antẹ́nà ò ní bátìrì nínú, kò lè dá agbára tuntun sílẹ̀, ohun tó lè ṣe ò ju kó kó èyí tó wà jọ sí apá kan kó sì gbà á kúrò níbòmíì, bí ìgbà tẹ́ ẹ bá fọwọ́ tẹ bàlúùnù lórí tó wá yọ ikùn lẹ́gbẹ̀ẹ́. Antẹ́nà kékeré ò sì lè ṣe ìyẹn tó nǹkan kan.

Àrékérekè kan tún wà níbẹ̀. dBi àti dBd kì í ṣe ìkan náà, 2.15 ló wà láàárín wọn, torí náà 2.15 dBi àti 0 dBd, antẹ́nà kan náà ni. Ẹni tó fẹ́ tajà máa kọ èyí tó pọ̀ jù. Nǹkan kan ṣoṣo tẹ́ ẹ máa rántí nípa dB ni pé 3 jẹ́ ìlọ́po méjì agbára, ìyẹn ni pé ẹni tó kúrò lórí rédíò wáàtì 4 lọ ra ti wáàtì 8, 3 dB péré ló rí rà, antẹ́nà tó dáa lórí VHF lè fún un nìyẹn láì jẹ bátìrì ẹ̀ ní kíá.

Báwo ni mo ṣe máa mọ féèkì?

Nínú páálí àti lẹ́tà ara ẹ̀ ẹ ò lè mọ̀ ọ́n mọ́, wọ́n ti mọ̀ ọ́n ṣe. Ẹ dán an wò bó ṣe yẹ ni. Kí ẹnì kan dúró lójú kan tí kò ní kúrò, kí ẹ̀yin máa rìn lọ títí ohùn á fi bẹ̀rẹ̀ sí í gé. Ẹ dúró gbọin níbẹ̀, ẹ lo antẹ́nà àkọ́kọ́, ẹ ka ení dé ẹẹ́wàá, ẹ pa rédíò, ẹ pààrọ̀ ẹ̀, ẹ tún kà. Ẹ ṣe é níbi mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, torí pé láàárín ìgboro ìṣísẹ̀ kan ṣoṣo lè yí gbogbo nǹkan padà. Dídán an wò nínú ṣọ́ọ̀bù ẹni tó ń tà á, pẹ̀lú rédíò kejì lọ́wọ́ ọmọ iṣẹ́ ẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ìyẹn ò já mọ́ nǹkan kan, wáyà àgbékọ́ aṣọ máa gbà á láàárín ibẹ̀.

Ẹni tó bá ní NanoVNA, ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n fi ń wọn antẹ́nà, lè fi wo ibi tí antẹ́nà ti fẹ́ ṣiṣẹ́ gan-an. Ẹ má ṣe so rédíò tó ń tú sígínà jáde mọ́ ọn o, ẹ máa jó o.

Kí ni wáyà tí wọ́n ń so mọ́ ìdí antẹ́nà tó rọ̀ sílẹ̀ bí ìrù?

Èyí ni mo fẹ́ràn jù torí ọ̀fẹ́ ló fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́. Antẹ́nà ìdá mẹ́rin yẹn ò pé, ìdajì ni, ìdajì kejì ni ilẹ̀ ẹ̀ (ground). Lára wọkí-tọkí, irin inú rédíò àti ọwọ́ yín tó dì í mú ló ń ṣe ilẹ̀ yẹn, kò sì fi bẹ́ẹ̀ ṣe é dáadáa, pàápàá lórí VHF níbi tí rédíò ti kéré gan-an sí ìgbì.

Ẹ wá wáyà iná lásán, ẹ gé e sí sẹ̀ǹtímítà 48 tàbí 49 fún 150 MHz, sẹ̀ǹtímítà 16 fún 450. Ẹ bó orí ẹ̀, ẹ fi ṣe òrùka kékeré, ẹ fi há ìdí antẹ́nà kó kan irin ìta ẹnu SMA, kò gbọdọ̀ kan píìnì àárín. Ẹ jẹ́ kó rọ̀ sílẹ̀. Lórí VHF mo ti rí ibi tí ìrù yìí ti sọ ohùn tó ń gé di ohùn tó já gaara. Òrùka yẹn ò gbọdọ̀ nípọn débi tí antẹ́nà ò ní wọlé tán.

Antẹ́nà gígùn ń mì, ìdí ẹ̀ ti ń yẹ̀. Kí ni mo lè ṣe?

Ẹnu SMA ò tóbi, wọn ò ṣe é fún ọ̀pá tó ń bá ilẹ̀kùn mọ́tò jà lójoojúmọ́. Bí antẹ́nà ṣe ń gùn sí i ló ń ní agbára láti fa ìdí ara ẹ̀ tu, èyí tó bá sì kọ́kọ́ já ni ibi tí wọ́n fi lẹ́ẹ̀dì jó o mọ́ bọ́ọ̀dù inú rédíò. Mo ba ti ara mi jẹ́ bẹ́ẹ̀, mo gbé rédíò sórí ìjókòó iwájú mọ́tò, mo jókòó lé antẹ́nà ẹ̀.

Èyí tó ń tẹ̀ dáa ju èyí tó le gbandi lọ. Fún ẹni tó ń rìn kiri látàárọ̀ ṣúlẹ̀, èmi á ní kó lo èyí tó mọ níwọ̀n, kó fi gígùn sílé fún ọjọ́ tó bá nílò ẹ̀. Àwọn antẹ́nà tó ń ká bí ọ̀bẹ, tí wọ́n ń tà fún àwọn tó fẹ́ jọ sójà, ìdí SMA wọn ni mo máa ń bẹ̀rù.

Ṣé antẹ́nà orí mọ́tò lè bá wọkí-tọkí ṣiṣẹ́?

Ó lè ṣiṣẹ́, ó sì dáa ju ohunkóhun tẹ́ ẹ lè so mọ́ ọn lọ́wọ́ lọ, torí inú mọ́tò, irin ló yí yín ká. Ẹ ra èyí tó ní máńgẹ́ẹ̀tì nídìí, ẹ gbé e sí àárín òrùlé, irin òrùlé gan-an á di ilẹ̀ fún un. Tí òrùlé yín bá jẹ́ fáíbà, ẹ gbàgbé ẹ̀. Ẹ ra àdápítọ̀ tó máa gbé e wá sí SMA, èyí tó ní wáyà kékeré tó rọ̀, kì í ṣe gbandi irin, kí wáyà má báa fa ẹnu rédíò ya.

Ṣé mo lè so ó mọ́ éríà tẹlifíṣọ̀n tó wà lórí ilé mi?

Láti fi gbọ́ràn, ẹ lè gbọ́ nǹkan kan. Láti fi sọ̀rọ̀, ẹ má dán an wò. Fíríkúẹ́ńsì míì ni wọ́n ṣe é fún, ó sùn sílẹ̀ nígbà tí tiyín dúró, apá kan ṣoṣo ló sì kọjú sí. Tí búsítà bá tún wà lórí ẹ̀, iná ń gba inú wáyà yẹn gòkè lọ, ẹ máa sun búsítà, kódà ẹ lè sun rédíò.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ antẹ́nà orí ilé ní tòótọ́, ẹ ra ti VHF tàbí UHF tó bá iṣẹ́ yín mu, ẹ sì jẹ́ kí wáyà kúrú. Wáyà RG-58 tínrín tí wọ́n ń tà káàkiri, mítà mẹ́wàá ẹ̀ lórí UHF máa jẹ tó ìdajì agbára yín kó tó dé òkè.

Mo ra antẹ́nà ńlá, ṣe ni rédíò tún wá dití sí i. Ṣé wọ́n gbà mí ni?

Ó lè má jẹ́ pé wọ́n gbà yín. Inú UV-5R, ṣíìpù kan ṣoṣo, RDA1846, ló ń ṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo iṣẹ́ gbígbọ́, ìdènà tó máa ń sẹ́ sígínà tí kò pọn dandan sì kéré. Antẹ́nà ńlá ò mọ èyí tẹ́ ẹ fẹ́, gbogbo ẹ̀ ló ń kó wọlé: máàsìtì FM, rédíò ilé iṣẹ́ ìtòsí, gbogbo ẹ̀. Ariwo wọn á wá bo ti ẹni tó wà lọ́nà jíjìn.

Tẹ́ ẹ bá fi rọ́bà kékeré padà tó sì gbọ́ dáadáa ju ti ńlá lọ ní ojú kan náà, ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nìyẹn. Ẹ jìnnà sí máàsìtì yẹn, ẹ tún dán ti ńlá wò. Tẹ́ ẹ bá gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ nídìí ẹ̀ lójoojúmọ́, rédíò tó dáa jù ni kẹ́ ẹ fowó rà, kì í ṣe antẹ́nà.

Antẹ́nà VHF ìdá mẹ́rin, ṣé ó lè ṣiṣẹ́ lórí UHF náà?

450 jẹ́ ìlọ́po mẹ́ta 150, torí náà antẹ́nà ìdá mẹ́rin lórí VHF máa di ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin lórí UHF, mítà SWR, èyí tó ń wọn bí agbára ṣe ń padà sínú rédíò tó, á ní ó dáa, rédíò ò sì ní ráhùn. Àmọ́ púpọ̀ nínú sígínà máa gba òkè lọ, nígbà tí ẹni tẹ́ ẹ ń bá sọ̀rọ̀ wà nílẹ̀. SWR tó dáa kàn ń sọ pé agbára kúrò lára rédíò ni, kò sọ ibi tó lọ. Lára wọkí-tọkí nọ́ńbà yẹn gan-an máa ń yí padà bẹ́ ẹ bá ṣe dì í mú, torí náà mi ò kì í fi SWR nìkan ra antẹ́nà.

Ṣé òfin gba pé kí n pààrọ̀ ẹ̀?

Ibi tẹ́ ẹ bá wà ló máa sọ. Ní Nàìjíríà, NCC ló ń bójú tó fíríkúẹ́ńsì, ilé iṣẹ́ tàbí ẹ́sítéètì tó fẹ́ máa lo tiẹ̀ gbọ́dọ̀ gba láísẹ́ǹsì, antẹ́nà tẹ́ ẹ pààrọ̀ ò yí ìyẹn padà, ó kàn jẹ́ kí ẹni tẹ́ ẹ ń dí lọ́wọ́ tètè gbọ́ yín ni. Àwọn tó ń fi rédíò ṣeré ìdárayá náà ń gba láísẹ́ǹsì tiwọn, orúkọ orí afẹ́fẹ́ wọn máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 5N.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Lọ́ńdọ̀nù, rédíò PMR446 tẹ́ ẹ ń lò láìsí láísẹ́ǹsì ò gbọdọ̀ ní antẹ́nà tó ń yọ, agbára ẹ̀ ò sì gbọdọ̀ ju ìdajì wáàtì lọ. Ní Amẹ́ríkà, antẹ́nà rédíò FRS, èyí tí kò nílò láísẹ́ǹsì níbẹ̀, náà ò gbọdọ̀ yọ. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá gba láísẹ́ǹsì GMRS, ti rédíò tó lágbára jù ú lọ, dọ́là 35 fún ọdún mẹ́wàá, láìsí ìdánwò, ẹ̀yin àti ìdílé yín lè lò ó, ẹ sì lè fi antẹ́nà tó bá wù yín sórí rédíò GMRS yẹn.